Ìlù Inú Fóònù

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ìdánwò, kì í sì í ṣe ti owó ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ eré ni, ṣùgbọ́n eré náà dójú ti àgbàlagbà kan ní Òkìtìpupa níhìn-ín, èmi ni mo sì fà á.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 12, ni ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa tí ó gbé géèmù kan sínú fóònù mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò tí ì rí i. Orin yóò máa dún, àwọn páálí dúdú kéékèèké yóò sì máa já bọ́ láti òkè ojú fóònù wá sí ìsàlẹ̀, ní ọ̀nà mẹ́rin. Bí ìlù ti ń dún ni páálí ń dé ìlà ìsàlẹ̀, ìka rẹ sì gbọ́dọ̀ kàn án ní àkókò náà gan-an. Bí o bá fo ọ̀kan, tàbí o fọwọ́ kan ibi tí kò sí nǹkan, eré parí nìyẹn. Bí o bá sì fẹ́ jí dìde níbi tí o kú sí, wọn yóò ní kí o kọ́kọ́ wo ìpolówó ọjà. Iye dátà tí ìpolówó náà jẹ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kìíní, n kò fẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́.

Àwọn ará Jàpáànù ni ó là ọ̀nà irú eré yìí. PaRappa the Rapper jáde ní 1996. Ní 2001, ilé-iṣẹ́ Namco gbé Taiko no Tatsujin jáde, níbi tí ẹni tí ń ṣeré ti ń fi ọ̀pá lu ìlù ńlá ilẹ̀ wọn. Ní 2005 ni Ouendan dé sórí Nintendo DS, ẹ̀rọ àgbélọ́wọ́ olójú méjì tí a ń fi kálàmù kékeré tẹ̀. Ti páálí dúdú orí fóònù yìí, Piano Tiles tí Hu Wen Zeng ará Ṣáínà ṣe ní 2014 ni ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn aláfarawé rẹ̀ pọ̀ bí eéṣú. Ọ̀kan nínú wọn ni tiwa.

Mo gbìyànjú rẹ̀, mo kú. Mo tún gbìyànjú, mo tún kú. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé lórin! Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú o, ẹ lọ́ra jù."

Ìtìjú yìí ni ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá onílù tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Biripo ni Bàbá ń lù láti kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ àwo orin Comfort Omoge àti ẹgbẹ́ Asiko Ikale rẹ̀ rí, ẹ mọ bí ìlù ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ti í gbé ẹsẹ̀ ẹni tí kò tilẹ̀ fẹ́ jó. Mo ní, ẹni tí ó ni ìlù ni yóò bá mi gbẹ̀san. A gbé sípíkà Bluetooth wa dání, èyí tí ọmọ náà fi ń ṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀, kí Bàbá lè gbọ́ orin dáadáa. Àwọn ọmọ àdúgbò pé jọ.

Bàbá kú ní páálí kẹta. Ó tún kú ní ìkẹrin. Ọmọkùnrin kan pariwo pé, "Bàbá ò mọ ìlù!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá dá fóònù padà fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Tíṣà, ó jọ pé ọwọ́ mi ti kú." Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Lóru, mo jókòó ti géèmù náà. Bátìrì sípíkà kú, orin bẹ̀rẹ̀ sí dún láti ẹnu fóònù fúnra rẹ̀, ni ọwọ́ mi bá ba ìlù mu lójijì! Àṣé sípíkà ni ọ̀dàlẹ̀. Fóònù a máa kọ́kọ́ fún ohùn pọ̀ kí ó lè kéré, a fi í ránṣẹ́ lójú afẹ́fẹ́, sípíkà a tú u, a sì pa díẹ̀ mọ́ sápò kí orin má baà máa já. Gbogbo èyí lè gba ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n orin tí ìlù rẹ̀ ń dún nígbà 120 ní ìṣẹ́jú kan, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré ni ó wà láàárín lílù kan àti èkejì. Géèmù mìíràn ní ibi tí a ti ń tún èyí ṣe. Tiwa kò ní in. Ẹ lo ẹnu fóònù, tàbí èyí tí a ń fi wáyà kì bọ etí.

Kí ló dé tí kò ṣe ọmọ náà ní nǹkan? Ojú ni ó fi ń ṣeré, ó ń wo páálí. Etí ni Bàbá fi ń ṣe é. Ẹni tí ó gbọ́ ìlù dáadáa gan-an ni sípíkà tàn jẹ.

Ní òwúrọ̀, mo kó àwọn ọmọ náà jọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, mo ṣàlàyé níwájú wọn. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí ó gbà, ó gbé fóònù lé orúnkún, ó sì parí orin kìíní láìfo ẹyọ kan. Ariwo sọ!

Nínú orin kejì ni ó tún kú. Ó pa dà sí i, ó kú níbẹ̀ gan-an. Mo wo ọwọ́ rẹ̀: ó ń ti ìka tirẹ̀ bọ àárín páálí méjì, níbi tí kò sí nǹkan.

"Bàbá, ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀."

"Mo dá a lóhùn ni. Ibẹ̀ ni ìlù kejì í ti wọlé."

"Kò fẹ́ ìdáhùn, sà."

"Kò fẹ́ ìdáhùn? Ta ni ó wá ń bá lù?"

N kò rí èsì fún un. Ó ní kí wọ́n gbé ìlù òun jáde, kí ọmọ náà máa tẹ fóònù rẹ̀ lọ. Bí páálí bá ti fi àlàfo sílẹ̀, Bàbá a dí i. Kò pẹ́ tí bátìrì fóònù kú, ṣùgbọ́n Bàbá kò dúró, ọmọ náà sì sún mọ́ ọn, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.