Oyin Inú Àpáta: Ìdí Tí Kò Fi Yẹ Kí A Sá fún Ìwé Tí Ó Le

Ní Bertrams, ní ìlà-oòrùn àárín gbùngbùn Johannesburg, àwọn òbí Yorùbá wà lára àwọn àjèjì tí ó fi ibẹ̀ ṣe ilé. Zulu, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni àwọn ọmọ wọn ń gbọ́ lójú pópó. Bí a bá ń wá ìwé Yorùbá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ohun tí àwa olùkọ́ sábà máa ń sọ ni pé kí a fún un ní èyí tí ó rọrùn. Fágúnwà ti le jù. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo tako.

Ní 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa ti kà á. Báwo ni ohun tí ọmọdé kà nígbà náà ṣe di ẹrù tí apá kò ká lónìí? Ìwé kò yí padà. Àwa ni a yí padà. Bí a bá gé e kúrú, tí a mú kí èdè rẹ̀ rọ̀, ọkùnrin gìrìpá, igi gàgàrà àti òkúta ràbàtà yóò di "ńlá" kan náà. Ìtàn yóò kù. Èdè tí a torí rẹ̀ gbé ìwé lé ọmọ lọ́wọ́ yóò ti lọ.

Ta ni ó ń bu ẹsẹ Ifá kù fún ọmọ awo? Odù 256 ni ó wà níwájú rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ sórí; ọ̀rọ̀ tí kò yé e lónìí ni yóò mú un padà tọ olúwo lọ lọ́la.

Ní Johannesburg yìí kan náà, ní 1935, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Witwatersrand tẹ Inkondlo kaZulu, ìwé ewì B. W. Vilakazi. Ìwé náà ni ó ṣáájú nínú ọ̀wọ́ ìwé èdè Áfíríkà tí wọ́n gbé jáde. Èdè ojoojúmọ́ nìkan kò tó láti fi kà á. Ó ń béèrè etí tí ó mọ oríkì.

Àwọn kan yóò ní ọmọ Bertrams yóò sá. Yóò sá lóòótọ́, bí a bá ju ìwé sí i tí a kẹ̀yìn sí i. Kí olùkọ́ ka ojú-ìwé kan péré sókè; kí ọmọ gbádùn ìró rẹ̀; lẹ́yìn náà kí wọ́n jọ tú gbólóhùn rẹ̀ palẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èyí tó ṣeé ṣe, olùkọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kà á. Bóyá ìyẹn gan-an ni a ń sá fún.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.