Bẹ́ẹ̀rẹ̀: Tíṣà Tó Kọ́ Ọmọ, Tó Tún Kọ́ Ìyá Ọmọ

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ńkọ́?

Bí wọ́n bá dárúkọ Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì lónìí, ohun tó ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu èèyàn ni pé ìyá Fẹlá ni, tàbí pé òun lobìnrin tó kọ́kọ́ wa mọ́tò l'Ábẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n kó tó di gbogbo ìyẹn, tíṣà ni. Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ọdún 1900 ni wọ́n bí i. Lọ́dún 1914 ó wọ Abẹ́òkúta Grammar School, ọ̀kan lára àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ kàwé níbẹ̀. Lọ́dún 1919 ó lọ sílùú òyìnbó. Nígbà tó fi máa padà dé ní 1922, ó ti pa Frances Abigail, orúkọ òyìnbó tí wọ́n sọ ọ́, tì. Ó gbájú mọ́ iṣẹ́ tíṣà.

Lọ́dún 1925 ló fẹ́ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì. Tíṣà pàdé tíṣà! Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Nígbà tó di 1932, ọkọ rẹ̀ wá di ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí: Dolupo, Olikoye, Fẹlá àti Beko. Bẹ́ẹ̀rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ nílẹ̀ yìí. Kò sì ní tìtorí pé ọmọ òun ni kó gbàgbé pàṣán o! Fẹlá dàgbà tán, ó ṣì ń ròyìn ẹgba tó jẹ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀.

Nígbà ogun Hitler, obìnrin ọlọ́jà kan fẹ́ mọ̀wé kà. Bẹ́ẹ̀rẹ̀ kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbà á, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ A, B, D náà ni wọ́n ti ń tú àṣírí ọkàn wọn sílẹ̀: ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, owó orí tí wọ́n ń san tí wọn ò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ìlú. Àṣé tíṣà náà ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé rẹ̀!

Ó bọ́ gáùn sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá. Yorùbá ló ń sọ sí àwọn aláṣẹ òyìnbó. Kí wọ́n wá ògbufọ̀ lọ. Lọ́dún 1946 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kìn-ín-ní 1949, Aláké Adémọ́lá ti fi ìlú sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún 1955. Kò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́.

Ní oṣù kejì 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá l'Ékòó, wọ́n ju ìyá arúgbó náà láti ojú wíńdò òkè. Ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Ọjọ́ 13, oṣù kẹrin 1978 ló jáde láyé.

Inú ibojì kan náà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí l'Ábẹ́òkúta. Àwọn ọlọ́jà ti ìsọ̀ pa nítorí rẹ̀. Ṣé ẹni tó ń wá jíjẹ lójoojúmọ́ máa ń déédéé ti ìsọ̀ pa? Ìwé ẹ̀rí tíṣà rere nìyẹn.

Sùn re o, Bẹ́ẹ̀rẹ̀.