Inú kòtò iná ni wọ́n kọ́lé sí, wọn ò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀

Bí èéfín bá ti ń rú látorí òkìtì ìdọ̀tí Solous n'Ígándò, ohun tí àwọn tí kì í gbé àdúgbò náà máa ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: “Kí ló dé táwọn èèyàn yìí ò kó kúrò?” Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́wàá kọ́lé sórí àbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní Alímòṣọ́ mọ ìdáhùn, kò kàn ní í dá wọn lóhùn ni. Àwọn kan tilẹ̀ wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yìí kan náà tó jẹ́ pé inú ilẹ̀ lèéfín tiwọn ti ń wá, iná gidi ló sì ń tẹ̀ lé e.

Cape Verde ni, àwọn tó gba tíkẹ́ẹ̀tì ife àgbáyé 2026 lóṣù kẹwàá ọdún 2025, tẹ́nu ya gbogbo ayé. Ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù wọn ń jẹ́ Fogo, ìyẹn iná lédè Potogí. Orúkọ kúkú máa ń ro ọmọ. Òkè kan wà níbẹ̀, Pico do Fogo, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,829. Kòtò ràgàjì kan wà lẹ́sẹ̀ òkè náà, ó fẹ̀ tó kìlómítà 9, ògiri àpáta sì yí i ká, àyàfi apá ìlà-oòrùn tó ṣí sílẹ̀. Chã das Caldeiras ni wọ́n ń pè é. Èèyàn ń gbé inú rẹ̀ o!

Àwọn àlejò máa ń wá láti Yúróòpù torí àtifẹsẹ̀ rìn nínú kòtò yìí ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú bí èédú. Ibi kan rọ̀, ẹsẹ̀ á máa rì. Ibi kan mú bí àfọ́kù ìgò, sílípáàsì ò lè débẹ̀. Láàárín dúdú yìí ni igi àjàrà ti hù látinú eérú, wáìnì tí wọ́n fi í ṣe sì lórúkọ. Ẹni tó bá lágbára á gun òkè náà dókè, tó bá ń bọ̀ nílẹ̀, ńṣe ni yóò máa sáré yọ̀ nínú eérú bí ọmọdé.

Ọjọ́ 23, oṣù kọkànlá, ọdún 2014, ni ilẹ̀ lanu. Àpáta tó yọ́ bí epo gbígbóná ń ṣàn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn sì ráyè tú ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé wọn kó lọ. Ẹnikẹ́ni ò kú, ṣùgbọ́n kí iná tó dáwọ́ dúró lóṣù kejì ọdún 2015, ó ti gbé abúlé Portela àti Bangaeira mì, tilétilé, tiléèwé.

Ìjọba ti kọ́lé fún wọn níta kòtò lẹ́yìn iná ọdún 1995, ọ̀pọ̀ sì padà sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ti 2014 náà, wọ́n tún padà. Orí àpáta tí ò tíì tutù tán làwọn kan kọ́lé sí, tí ilẹ̀ yàrá ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀. Wọ́n lè pè é ní agídí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó gbẹ ni wọ́n fún wọn níta, èyí tó lọ́ràá, tó ń mú owó wọlé, inú kòtò ló wà. Onílé Ìkòtún tí omi lé jáde, tó ń fọ yàrá rẹ̀ bómi ṣe ń fà, kò yàtọ̀ sí wọn.

Àwọn ọmọ Chã gan-an ló ń mú àlejò rìn báyìí. Bí wọ́n bá dé ibi tí òrùlé kan ti yọrí láàárín àpáta dúdú, wọ́n á dúró, wọ́n á ní ilé àwọn nìyẹn tẹ́lẹ̀. Àlejò á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á sì máa lọ síbi àjàrà.