Ìdánwò Nọ́ọ̀sì: Ẹ̀mí Aláìsàn Ni Òṣùwọ̀n
Ẹ̀yin òbí, ìbáà ṣe ní Ìdí-Àràbà tàbí Igbóbì ni ọmọ yín ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bí ìbéèrè ìdánwò bá ní ìdáhùn méjì tó tọ̀nà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti bèèrè àtúnyẹ̀wò. Kí olùkọ́ má ṣe ka èyí sí àfojúdi. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀bẹ̀ fún máàkì ọ̀fẹ́. Kí nọ́ọ̀sì tó tún gún aboyún tí gìrì oyún mú ní abẹ́rẹ́ magnesium sulphate, ó gbọ́dọ̀ ka èémí rẹ̀: bí kò bá pé 16 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò mọ èyí kò tíì yege. Ìdánwò ṣeé tún ṣe. Ẹ̀mí tó bá bọ́ kò ṣeé dá padà.