Ọjọ́ Ayẹyẹ Kọ́ Ni Òpin Iṣẹ́

Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tuntun sí abúlé, gbogbo wa la máa ń jáde. Mẹ́rì á gé ríbọ́ọ̀nù, onílù á lùlù, àwọn ìyá á sì pọn omi àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ilé ẹ̀kọ́ tuntun, ilé ìwòsàn àti ìsọ̀ ọjà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ náà, ta ló ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí ẹnìkan. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí nìyẹn.

Ẹ̀rọ omi tí a ń fi ọwọ́ fà kì í ṣàdédé kú. Rọ́bà inú rẹ̀ á kọ́kọ́ jẹ, omi á dín kù, fífà rẹ̀ á máa le sí i, kó tó wá dákẹ́ pátápátá. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀: Irú ẹ̀rọ wo ni? Báwo ni kànga náà ṣe jìn tó? Ta ló gbẹ́ ẹ? Ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ páìpù rẹ̀ kẹ́yìn? Ẹni tó mọ̀ ti lè kúrò nílùú, ikán sì ti lè jẹ ìwé rẹ̀. Títí a ó fi rí ìdáhùn, àwọn obìnrin àti ọmọ wa ló ń rìn lọ sí odò, tí wọ́n ń pọn omi tí kò mọ́ wálé.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ òde òní lè ràn wá lọ́wọ́. Ohun tí à ń sọ kò ju pé kí ilé tàbí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìtàn tirẹ̀ nínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, láti ọjọ́ tí a kọ́ ọ títí di ọjọ́ tí a ó pààrọ̀ rẹ̀: àwòrán rẹ̀, ibi tó wà, ọdún tí a ṣe é, ohun tó ti bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹni tó tún un ṣe àti iye tó ná wa.

Wọ́n ti dán nǹkan tó jọ ọ́ wò nílẹ̀ Áfíríkà níbí. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Oxford fi ohun èlò kékeré kan sínú ọwọ́ àwọn ẹ̀rọ omi ní Kyuso, agbègbè oko kan ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà tí òjò kì í pọ̀ sí. Bí ènìyàn bá ń fa omi, ohun èlò náà á máa ka iye ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀rọ lọ sókè sódò, á sì fi í ránṣẹ́ nípa àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù. Bí iye náà bá já lulẹ̀ lójijì, àwọn atúnẹ̀rọṣe á mọ̀ pé nǹkan ti ṣe ẹ̀rọ náà. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ máa ń wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 27. Lẹ́yìn rẹ̀, kò tó ọjọ́ 3 mọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Fóònù kì í tún ẹ̀rọ ṣe. Ohun tó mú ti Kyuso yọrí ni pé atúnẹ̀rọṣe wà ní sẹpẹ́, tí ohun tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní nǹkan olówó nìyí. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn olówó gan-an ti rí ìjàǹbá ohun tó gbó. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2018, afárá ńlá kan tí wọ́n ti ń gun láti ọdún 1967 wó ní ìlú Genoa, nílẹ̀ Ítálì. Ènìyàn 43 ló kú. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 2020 ní àwọn ohun èlò tó ń ṣọ́ ọ, àti róbọ́ọ̀tì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwa kò nílò róbọ́ọ̀tì. Fóònù tó ń ya àwòrán, tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ohun mẹ́ta la ń béèrè. Èkíní, kí agbaṣẹ́ṣe má gba owó rẹ̀ tó kù títí yóò fi kó gbogbo àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà lé mẹ́rì àti olórí abúlé lọ́wọ́. Bó bá wà lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe nìkan, ọjọ́ tó bá lọ ló bá a lọ. Èkejì, kí abúlé yan ẹni méjì tí yóò máa yẹ nǹkan wò lóṣooṣù, kí wọ́n máa ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí. Kí obìnrin wà nínú wọn, nítorí ẹni tó ń pọn omi ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé ẹ̀rọ ti ń le. Ẹ̀kẹta, kí iye tí a dá àti iye tí a ná wà níbi tí gbogbo ará ìlú ti lè rí i. Owó tí kò ní àkọsílẹ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀, ìjà náà ló sì ń mú kí àwọn ènìyàn má dá owó mọ́.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ ń kọ gbèsè oníbàárà yín sílẹ̀ kí ẹ má baà gbàgbé. Kí ló dé tí a kò fi kọ ti òrùlé ìsọ̀ tí ẹ ń san owó lé lórí?

Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, títí dé Àjàṣẹ́, ẹ bi mẹ́rì yín léèrè ní ìpàdé tó ń bọ̀: níbo ni ìwé ìtàn kànga wa wà? Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nísinsìnyí tí ẹ̀rọ ṣì ń fa omi.