LÁTI ẸNU TÍṢÀ: Ẹni Tí Ń Rẹ́rìn-ín Ni Kí Ẹ Wò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìwé, kì í sì í ṣe ti ìdánwò. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni.

Àwọn àgbà wa a máa wí pé orúkọ ń ro ọmọ. Orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọmọ ní ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n ọmọ a tún máa gba orúkọ mìíràn ní àgbàlá ilé-ìwé, láìsí pé a pa ẹran, láìsí pé àáfáà kan ṣe àdúà sí i, orúkọ náà a sì lẹ̀ mọ́ ọn bí èèmọ́ ti ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Orí-Kòkò, Ẹlẹ́sẹ̀-Àgéré, Akólòlò: tíṣà wo ni kò tíì gbọ́ irú wọn rí? Àwa mìíràn pàápàá a máa rẹ́rìn-ín sí i nínú yàrá àwọn tíṣà.

Ilé-ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí ọjà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló jẹ́ pé ìsọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ń gbà lọ bí agogo ìparí bá ti dún. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí àpótí. Ní sáà tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin tí ìyá rẹ̀ ń ta irú àti ẹja gbígbẹ. Ọmọ náà mọ ìṣirò dáadáa, nítorí òun ni ń bá ìyá rẹ̀ ka ṣéńjì fún àwọn oníbàárà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n di irú sínú ọ̀rá fún un pé kí ó fi jíṣẹ́ fún ẹnìkan lọ́nà. Kò bá ẹni náà nílé, ó sì gbé e wá sí kíláàsì nínú báàgì rẹ̀. Ọmọkùnrin kan fi ọwọ́ di imú, ó ní, "Irú Pẹ̀tẹ̀ ti dé!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó parí. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tí ó rántí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé ẹnikẹ́ni kò lù ú. Kò sí ojú egbò tí ìyá lè fi han tíṣà. Ohun tí ó wà ni pé bí ó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a sún kúrò. Bí wọ́n bá ń ta tẹ́ńtẹ̀n ní àkókò ìsinmi, wọn a ní àwọn ti pé. Kò pẹ́ tí inú rírun fi bẹ̀rẹ̀. Inú náà a máa run ún ní àárọ̀ Àtìní, a sì máa dákẹ́ ní alẹ́ Jímọ̀. Ìyá rẹ̀ fún un ní àgbo títí. Nígbà tí ó wá rí i pé ọmọ ń jẹun dáadáa bí ó bá ti di ọ̀sán, ó lé e lọ sí ilé-ìwé.

Rẹ́jístà ni ó tú àṣírí fún mi. Láàárín oṣù kan, ọjọ́ 9 ni kò sí ní kíláàsì. Mo ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Ó wá pẹ̀lú ẹ̀rù, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú, ojoojúmọ́ ni ọmọ yìí ń wọ aṣọ ilé-ìwé jáde nílé." Ibi tí ọmọ ọdún 9 ń lọ ni ẹ̀yìn àwọn ìsọ̀ aláṣọ, ó ń jókòó sórí àpò òfìfo níbẹ̀ títí yóò fi rí i pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń padà bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà yìí, ẹ mọ irú àwọn ènìyàn tí ń kọjá lẹ́yìn ìsọ̀. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo bi ìyá náà bóyá ó mọ̀ nípa orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Mo ti sọ fún un pé kí ó bú wọn padà, tíṣà. Bàbá rẹ̀ ní kí ó fún ẹni tí ó bá tún pè é bẹ́ẹ̀ ní ìfọ́tí." Òun fúnra rẹ̀ sì ti lọ bá ìyá ọmọkùnrin náà ní ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹnu gún ara wọn. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ti jọ ń dá àjọ láti ọjọ́ pípẹ́ kò kí ara wọn mọ́.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ ohun tí ó ń mú yín sọ fún ọmọ pé kí ó gbẹ̀san. Ó ń dùn yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ro ó wò. Ọmọ tí 40 ènìyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí ó bá bú ẹnì kan, àwọn 39 tí ó kù yóò tún rẹ́rìn-ín sí i ni. Bí ó bá sì lu ẹni náà, òun gan-an ni a ó mú lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Àwọn kan nínú yín yóò wí pé pàṣán ni oògùn rẹ̀. Pàṣán a máa pa ẹnu mọ́ níwájú tíṣà. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìyàgbẹ́ nígbà ìsinmi, kò kan pàṣán. Ní ti òfin, ìjọba Nàìjíríà ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ní ọdún 2003, ó sì ní kí á bu ọlá fún ọmọdé. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kíláàsì kẹrin.

Ó ní ìwádìí kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Àwọn mẹ́ta kan ní Kánádà, Hawkins, Pepler àti Craig, tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2001. Kámẹ́rà àti ẹ̀rọ agbóhùn ni wọ́n fi ń wo àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Toronto níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Wọ́n rí i pé bí ọmọ bá ń yọ ọmọ lẹ́nu ní ìgbà 100, nínú ìgbà 88 ni àwọn ọmọ mìíràn dúró tì wọ́n tí wọ́n ń wòran. Ìgbà tí ẹnìkan nínú wọn dá sí i jẹ́ 19 péré. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o: nígbà tí ọmọ ẹlẹgbẹ́ bá dá sí i, ó lé ní ìdajì tí ìyọlẹ́nu náà dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Ìṣẹ́jú àáyá 10! Tíṣà kò tíì rí bàtà rẹ̀ wọ̀ ní àkókò yẹn.

Àwọn òyìnbó ìhà àríwá ni wọ́n ti ṣe wàhálà jù lórí ọ̀ràn yìí. Ọmọkùnrin mẹ́ta pa ara wọn ní Norway ní ọdún 1982, a sì gbà pé ìyọlẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló fà á. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìjọba ibẹ̀ gbé ètò kan dìde fún gbogbo ilé-ìwé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Dan Olweus sì ni ó ṣe èyí tí ó lókìkí jù nínú iṣẹ́ náà. Àwọn ará Finland wá tẹ̀lé wọn. Yunifásítì ìlú Turku ni ètò tiwọn, tí wọ́n ń pè ní KiVa, ti jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká ilé-ìwé wọn ní ọdún 2009. Ohun tí ó jọ mí lójú nínú KiVa ni pé àwọn òǹwòran ni wọ́n dojú ẹ̀kọ́ kọ. Wọn kò ní kí ọmọ wá bá alágbára jà. Wọ́n ń kọ́ ọ bí a ti ń lọ jókòó ti ẹni tí a ń fi ṣẹ̀sín.

Ohun tí mo gbìyànjú rẹ̀ ní kíláàsì nìyẹn. N kò pe ọmọbìnrin náà síwájú kí n wá sọ pé, "Ẹ má pe ọmọ yìí ní Irú Pẹ̀tẹ̀ mọ́." Bí tíṣà bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti bá wọn kéde orúkọ náà fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ. Ọmọ mẹ́fà tí ẹ̀rín wọn máa ń ga jù ni mo pè, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé mo fẹ́ kí wọ́n bá mi kó ìwé. N kò bèèrè pé kí ló dé tí o fi rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Nígbà tí ẹ rẹ́rìn-ín, báwo ni ojú rẹ̀ ti rí?" Ọ̀pọ̀ wọn dákẹ́. Ọ̀kan bú sẹ́kún. Ó ní òun kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí òun kò bá rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní òun náà ń rùn.

Mo fún olúkúlùkù ní iṣẹ́ kékeré. Ọ̀kan yóò jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, kò sì ní sún. Ọ̀kan yóò dúró dè é ní ẹnu gẹ́ẹ̀tì, wọn ó sì jọ gba ọ̀nà ọjà lọ. Ọ̀kan yóò pè é sí tẹ́ńtẹ̀n. Ẹni tí ojú ń tì jù nínú wọn, mo ní kí ó má ṣe ohunkóhun, kí ó sáà ti má rẹ́rìn-ín. Mo sì sọ ọmọbìnrin náà di ẹni tí ń gba owó ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ fún mi, tí ń ka ṣéńjì lójú gbogbo ènìyàn, nítorí iṣẹ́ tí ó mọ̀ jù wọ́n lọ nìyẹn.

Ọmọkùnrin náà ni mo fi ṣe ìgbẹ̀yìn. Mo ti gbọ́ ọ pé ọmọ tí ń yọ ènìyàn lẹ́nu, ìyà kan ń jẹ ẹ́ nílé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Mo wádìí tirẹ̀ títí, n kò rí ìyà kankan. Ó kàn rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ń mú ènìyàn rẹ́rìn-ín ni, ó sì dùn mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ó dà bí ọlọ́jà tí oníbàárà rẹ̀ kò yà sí ìsọ̀ rẹ̀ mọ́: ó polówó fún ọjọ́ mélòó kan, kò rí ẹni rà, ó palẹ̀ mọ́.

Kò parí tán o. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ṣì ń pè é ní orúkọ náà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò tíì pa ilé-ìwé jẹ láti ìgbà náà. Àwọn ìyá ni ó ṣòro jù. Àwọn ọmọ ti ń jọ pín gúgúrú jẹ kí àwọn ìyá tó kí ara wọn, wọn kò sì tíì padà sídìí àjọ náà títí di àsìkò yìí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá yìí ni ó mú mi rántí ohun tí ojú Ìlọrin rí ní ọdún 2021. Ọ̀pọ̀ nínú yín rántí ilé-ìwé 10 tí àwọn ìjọ onígbàgbọ́ dá sílẹ̀, tí ìjọba sì ń san owó oṣù tíṣà wọn. Nítorí ọ̀rọ̀ híjáàbù, ìjọba ti gbogbo wọn pa ní oṣù kejì ọdún náà. Nígbà tí wọ́n ṣí wọn ní oṣù kẹta, àwọn àgbàlagbà ń sọ òkò lu ara wọn ní ẹnu gẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2022, irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ dé ìlú Ìjágbó, ẹ̀mí sì lọ sí i. N kò wá dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Tọ̀tún tòsì ní ohun tí wọ́n ń wí, ilé-ẹjọ́ sì ti gbọ́ tẹnu wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni tèmi. Ilé-ìwé tèmi kò sí nínú 10 yẹn, síbẹ̀ ní oṣù náà mo gbọ́ tí ọmọ ọdún 8 fi ọ̀rọ̀ kan bú ẹnìkejì rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ dájú pé kò lè sọ ìtumọ̀ rẹ̀ bí a bá bi í. Ẹnu àgbà ni ó ti bọ́ sí ẹnu ọmọ. Ìlú tí Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Núpé àti Bàrùbá ti jọ ń gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí Balógun mẹ́rin ń bá Ẹ́míà tún un ṣe, ẹ̀gàn ẹnìkejì kò jìnnà sí ẹnu ní irú ibẹ̀. Ọmọ tí ó jókòó sábẹ́ tábìlì ní ìsọ̀ yín ń gbọ́ o, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ń sùn.

Ẹ̀yin òbí, ní alẹ́ tí ẹ bá ń palẹ̀ ọjà mọ́, ẹ má bi ọmọ pé kí ló kọ́ lónìí nìkan. Ẹ bi í pé, "Ta ni o bá jẹun nígbà ìsinmi? Ta ni kò rí ẹni bá jẹun?" Ìbéèrè kejì yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ọmọ tí kò lè sọ ti ara rẹ̀ a máa sọ ti ẹlòmíràn. Bí inú bá sì ń run ọmọ ní Àtìní, tí kò run ún ní Sátidé, kí ẹ tó wá àgbo, ẹ kọ́kọ́ wá tíṣà rẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ máa yẹ rẹ́jístà wò ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ní ìparí sáà nígbà tí inspẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀.

Lẹ́tà mélòó kan wà lọ́wọ́ mi nípa àwọn ọmọ tí ń kiri ọjà kí agogo òwúrọ̀ tó lù. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, èyí ni a ó yẹ̀ wò.