Gbèsè Ìjọba àti Owó-orí Ọ̀tà: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ará Ìpínlẹ̀ Ògùn Mọ̀

Ọ̀rọ̀ gbèsè ìjọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé nìkan mọ́. Ní ibùdókọ̀ Sango, ní ọjà Ọ̀tà, àti lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn ń béèrè: èló ni ìjọba jẹ, kí ni wọ́n fi owó náà ṣe, ta ni yóò sì san án? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Nínú àlàyé yìí, a fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ bí ó ṣe kan ìpínlẹ̀ wa, pàápàá jù lọ agbègbè Ọ̀tà, Sango àti Àgbárá, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ìpínlẹ̀ Ògùn kó jọ sí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iye. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ DMO, àjọ tó ń bójú tó gbèsè orílẹ̀-èdè yìí, gbèsè abẹ́lé tí ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ ní ìparí oṣù Òkúdu ọdún 2023 jẹ́ bílíọ̀nù 293.2 náírà. Èkó àti Delta nìkan ni gbèsè abẹ́lé wọn ju tiwa lọ. Ní ọdún 2023 kan náà, owó tí ìpínlẹ̀ wa pa wọlé fúnra rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 146.87 náírà, gẹ́gẹ́ bí àjọ ìṣirò NBS ṣe kà á. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, bí a bá yọ owó ìpín láti Àbújá sẹ́yìn, gbogbo ohun tí a pa lábẹ́lé fún ọdún méjì, láìná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, ni yóò tó san gbèsè abẹ́lé náà tán. Iye yìí kò tó ohun tí a ó fi kígbe pé ilé ti jó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi sùn gbàgbé.

Bí gbèsè ṣe ń wú

Ní ìparí ọdún 2022, àròpọ̀ gbèsè ìjọba àpapọ̀ àti ti gbogbo ìpínlẹ̀ jẹ́ tírílíọ̀nù 46.25 náírà. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó ti di tírílíọ̀nù 87.38. Ẹni tó bá gbọ́ iye méjèèjì yóò rò pé ńṣe ni wọ́n lọ yá gbogbo ìyàtọ̀ náà láàárín oṣù mẹ́fà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyáwó tuntun wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun méjì mìíràn ló pọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni owó tó lé ní tírílíọ̀nù 22 tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ń yá ìjọba àpapọ̀ bọ̀ láti ọdún pípẹ́, tí wọn kì í kà mọ́ gbèsè tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá kọ sínú ìwé. Èkejì ni pé ní oṣù Òkúdu ọdún 2023, wọ́n fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti sọ, ó sì já wálẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe. Ní ìparí ọdún 2022, gbèsè tí Nàìjíríà jẹ lókèèrè jẹ́ bílíọ̀nù 41.69 dọ́là, èyí tí í ṣe tírílíọ̀nù 18.7 náírà nígbà náà. Ní ìparí ọdún 2024, ó jẹ́ bílíọ̀nù 45.78 dọ́là, ṣùgbọ́n ní náírà ó ti di tírílíọ̀nù 70.29. Ní dọ́là, gbèsè náà kò fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé sí i. Ní náírà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Òfin kò gba ìpínlẹ̀ kankan láyè láti dá yáwó lókèèrè. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ń dúró fún un, tí wọ́n sì ń yọ owó náà nínú ìpín ìpínlẹ̀ kí ó tó dé Abẹ́òkúta. Ètò OGSTEP, tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020 láti fi ran iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti okòwò lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ wa, jẹ́ mílíọ̀nù 250 dọ́là. Díẹ̀díẹ̀ ni irú owó bẹ́ẹ̀ ń wọlé, èlé rẹ̀ kò sì tó ti àwọn báńkì wa nílé. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù kan dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 460 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdu ọdún 2023 ti lé ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ ní ìparí ọdún 2024. Èlé kékeré kò gba ẹni tó ń pa náírà, tó sì jẹ dọ́là, lọ́wọ́ irú ìyípadà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ láti Yúróòpù

Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti la irú ọ̀rọ̀ yìí kọjá. Nínú àdéhùn Maastricht tí wọ́n buwọ́ lù ní ọdún 1992, wọ́n fi ẹnu kò pé gbèsè ìjọba kò gbọdọ̀ ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún, àti pé ohun tí ìjọba ń ná ju èyí tó ń wọlé lọ kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 3. Gíríìsì wà nínú àdéhùn náà. Ní ìparí ọdún 2009, ìjọba tuntun tó dé síbẹ̀ kéde pé àìtó owó ìjọba ju iye tí wọ́n ti ń sọ fún ayé lọ fíìfíì. Àwọn tó ń yá wọn lówó bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2010, wọ́n gba àdéhùn ìrànwọ́ bílíọ̀nù 110 yúrò, wọ́n dín owó àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kù, wọ́n fi kún owó-orí. Oṣù Ògún ọdún 2018 ni wọ́n tó bọ́ lábẹ́ ètò ìrànwọ́ náà.

Kí nìdí tí a fi mú Gíríìsì wá? Nítorí pé ní ọ̀nà kan, ó jọ ìpínlẹ̀ Ògùn ju bí ó ti jọ Nàìjíríà lọ. Gíríìsì ń ná yúrò, kò sì ní àṣẹ láti dá tẹ̀ ẹ́. Àwa náà ń ná náírà, Abẹ́òkúta kò sì ní àṣẹ láti tẹ̀ ẹ́. Ìpínlẹ̀ tó bá jẹ gbèsè ju agbára rẹ̀ lọ kò ní ibòmíràn tí yóò yíjú sí ju owó-orí, owó oṣù òṣìṣẹ́ àti owó iṣẹ́ ìlú lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi Gíríìsì nìkan ṣe ìdájọ́. Jámánì kọ ọ́ sínú òfin tó ga jù lọ ní ọdún 2009 pé ìjọba kò gbọdọ̀ máa yáwó kọjá ìwọ̀n kékeré kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n pa òfin náà mọ́, ṣùgbọ́n afárá àti ojú irin wọn ń gbó. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2024, apá kan afárá Carola ní ìlú Dresden wó lulẹ̀ sínú odò. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025, ilé ìgbìmọ̀ wọn tún òfin náà ṣe kí wọ́n lè yá bílíọ̀nù 500 yúrò láti fi tún ohun amáyédẹrùn ṣe. Àtúnṣe tí a bá kọ̀ láti ṣe lónìí, gbèsè ni ó ń dà, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé DMO.

Ibi tí owó Ọ̀tà ń lọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ti pọ̀ ní Ọ̀tà, owó ìpínlẹ̀ ti pọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Owó-orí lórí èrè ilé-iṣẹ́ ńlá, Àbújá ni ó ń lọ. Owó-orí ọjà tí a mọ̀ sí VAT, Àbújá ni wọ́n ń kó o jọ sí kí wọ́n tó pín in. Èyí tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ gan-an ni PAYE, owó-orí tí agbanisíṣẹ́ ń yọ nínú owó oṣù. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni òfin sì fi í fún, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tó ń ti Agége wá ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà, Èkó ló ni owó-orí rẹ̀. Ẹni tó ń gbé Sango, Ìjokò tàbí Ìyànà-Ìlogbò tó ń jí lọ sí Ìkẹjà, Ògùn ló ni tirẹ̀, bí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ bá kọ ibùgbé rẹ̀ sílẹ̀ bó ti tọ́. Bí kò bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò máa lọ sí ilé-ìwé ìjọba ní Ògùn, owó-orí rẹ̀ yóò sì máa tún ọ̀nà ṣe níbòmíràn. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ọjà jáde ní Ọ̀tà àti Àgbárá ń fọ́ ojú ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n owó-orí lórí èrè ọjà náà kì í dúró níbí.

Bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá sílé ńkọ́? Ní oṣù Ògún ọdún 2023, GlaxoSmithKline, tó ti ṣiṣẹ́ ní Àgbárá, kéde pé òun yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà. Ìṣubú náírà tó sọ gbèsè okèèrè di ńlá náà ni ó ń mú kí ohun èèlò tí ilé-iṣẹ́ ń kó wọlé wọ́n gógó. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ń sọ gbèsè di púpọ̀, ó sì ń dín àwọn tí yóò san án kù.

Òfin owó-orí tuntun

Òfin tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Òkúdu ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2026, yí apá kan ètò yìí padà. Ìpín gbogbo ìpínlẹ̀ nínú VAT kúrò ní ìdá 50, ó di ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú èyí, ìdá 30 ni wọn yóò fi ibi tí a ti lo ọjà náà pín, dípò ìdá 20 tó ti sábà máa ń tẹ̀lé ibi tí olú ilé-iṣẹ́ wà. Èyí dára fún ìpínlẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí olú ilé-iṣẹ́ wọn wà ní Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí i: ibi tí wọ́n ti lo ọjà ni òfin wí, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ṣe é. Oúnjẹ tí wọ́n ṣe ní Ọ̀tà tí wọ́n jẹ ní Kánò, Kánò ni yóò kà á sí tirẹ̀.

Ní apá kejì, mẹ́kúnnù rí ìtura. Wọn kò gba owó-orí kankan mọ́ lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó ọdọọdún tí ó yẹ kí wọ́n gba owó-orí lé. Ìrànwọ́ gidi ni fún ìdílé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Ó tún jẹ́ PAYE tí ìpínlẹ̀ kò ní rí gbà mọ́. Bóyá èrè VAT yóò ju àdánù PAYE lọ, ìsirò ọdún yìí ni yóò fi hàn, òun ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ wò kí a tó yá owó tuntun.

Ìbéèrè mẹ́ta

Àwọn bàbá wa mọ ìwọ̀fà. Ẹni tó bá yáwó a máa fi iṣẹ́ ara rẹ̀ tàbí ti ọmọ rẹ̀ dípò èlé títí owó yóò fi pé. Gbèsè ìjọba tí kò bá mú nǹkan wọlé, àwọn ọmọ wa ni yóò ṣe ìwọ̀fà rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí a máa bi gbogbo ìyáwó. Kí ni ó rà? Irú owó wo ni a ó fi san án? Inú kí ni owó náà yóò ti jáde?

Ẹ fi ìbéèrè wọ̀nyí wo ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó gba Agbádó, Kájọlà àti Papaláǹtò kọjá, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Òkúdu ọdún 2021. Ohun gidi ni ó rà. Ṣùgbọ́n báńkì ilẹ̀ Ṣáínà ló yáni ní owó náà ní dọ́là, náírà sì ni èrò fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá kó ẹrù ilé-iṣẹ́ tó pọ̀, inú owó-orí ni ìyókù yóò ti jáde.

Yorùbá ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ní ọdún 2005, lábẹ́ Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí oko rẹ̀ wà ní Ọ̀tà wa níbí, àwọn orílẹ̀-èdè Paris Club gbà láti dárí nǹkan bí bílíọ̀nù 18 dọ́là jì wá, a sì san bílíọ̀nù 12 tán ní oṣù Igbe ọdún 2006. Owó epo tó pọ̀ nígbà náà ni a fi san án. Ogún ọdún náà ti pé. Ìdáríjì irú rẹ̀ kì í wọ́pọ̀, ìpínlẹ̀ wa kò sì ní kànga epo tí yóò gbójú lé.

Ohun tí a ní ni àwọn ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́. Ojúṣe ìjọba ni láti tẹ ètò ìṣúná àti àkọsílẹ̀ gbèsè jáde ní ọ̀nà tí ará ìlú yóò fi lè kà á, kí ó sì dáhùn nígbà tí wọ́n bá béèrè. Ojúṣe tiwa gẹ́gẹ́ bí olùgbé ni láti wo ìwé owó oṣù wa, kí a rí i pé ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n kọ síbẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé Ògùn ni a ń gbé, kí a sì máa béèrè ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Ẹni tó bá san owó-orí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.